Ṣọ́ọ̀bù tí Mo Ṣí Sínú Fóònù

Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló gbé mi dé Tchaourou nígbà tí aránṣọ kún Ṣakí bámúbámú, mo máa ń dáhùn pé iṣẹ́ ni mo lọ kọ́. Òótọ́ ni, àmọ́ òótọ́ náà ní ìdí. Mo bá ìyá mi jà ni. Mo ti kọ́ irun dídì ní Ṣakí fún ọdún kan ààbọ̀, mo sì jù ú sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀gá mi gbá mi létí lójú àwọn oníbàárà. Nígbà tí mo wá sọ fún ìyá mi pé aṣọ rírán ló wù mí báyìí, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ìwọ kì í parí nǹkan." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Mo ní n óò lọ kọ́ ọ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí rí. Wọ́n ní tí mo bá kọjá ibodè, àwọn ò ní wá fà mí lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, àwọn ò sì ní wá gbà mí padà. Bí mo ṣe dágbére nìyẹn.

Tchaourou kò jìnnà sí Ṣakí, ó kàn jẹ́ pé orílẹ̀-èdè mìíràn ni, Benin. Mo rò pé nígbà tó jẹ́ pé Yorùbá náà ni wọ́n ń sọ, ara mi á tètè mọlé. Nàgó ni wọ́n ń pe Yorùbá tiwọn. Lóòótọ́ mo ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n Faransé ti wọ inú rẹ̀ bí ata ṣe ń wọ inú èkúrú. Obìnrin tó kọ́kọ́ kí mi ní "bọ̀n arivé," ìyẹn ẹ káàbọ̀, mo rò pé orúkọ rẹ̀ ló ń sọ fún mi, mo sì sọ tèmi fún un. Ẹ̀rín tó rín mi ká àdúgbò. Ìdajì àwọn oníbàárà wa tún jẹ́ Bàrìbá, èdè tiwọn ni wọ́n fi ń ná aṣọ. Ohun tó ta mí jù ni pé èdè tèmi gan-an ni àwọn ènìyàn fi ń rín mi. Tó bá jẹ́ èdè àjèjì ni, mi ò bá má gbọ́.

Ọ̀gá mi ni Tata Rafatu, tí gbogbo wa ń pè ní Patròn. Wọ́n ga, wọn kì í pariwo, wọ́n sì lè mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà pé ẹsẹ̀ aṣọ kan wọ́. Níbẹ̀, a kì í gba ọmọṣẹ́ bí ẹni ra adìyẹ lọ́jà. Òbí ni í mú ọmọ wá, òbí náà ni í wá gbà á padà lọ́jọ́ liberasíọ̀n, ohun tí àwa ní Ṣakí ń pè ní fírídọ̀mù. Èmi ò ní òbí tó tẹ̀lé mi. Ọkùnrin ará Ṣakí kan tó ń ra kajú ní Tchatchou ló dúró fún mi. Patròn kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n wá yíjú sí mi. Wọ́n ní èyí tó fún ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ní òpin, kì í ṣe olùrà kajú ni àwọn máa fà mí lé lọ́wọ́, ẹni tó bí mi ni. Láìsí ìyẹn, kò sí liberasíọ̀n. Láìsí liberasíọ̀n, n kò gbọdọ̀ gbé másíìnì sílẹ̀ níbikíbi pé mo jẹ́ aránṣọ. Mo ní ó dáa. Ọdún mẹ́ta jìnnà lójú mi nígbà yẹn.

Òfin kan tún wà. Ọmọṣẹ́ kò ní ọwọ́. Ohunkóhun tó bá jáde nínú atẹliyé, ìyẹn ilé ìránṣọ wa, ọwọ́ Patròn ló rán an. Bí oníbàárà bá béèrè ta ló ṣe iṣẹ́ yìí, "Patròn ni" ni ìdáhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ lo fi ọjọ́ mẹ́ta jókòó tì í. Mo gbà bẹ́ẹ̀ lẹ́nu.

Ọdún kìíní, mo gbálẹ̀, mo dáná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú, mo ń tú òwú. Ọdún kejì, wọ́n jẹ́ kí n máa rán bọ́tìnì àti etí aṣọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rán yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo tẹ̀ lé ọmọ náà lẹ́yìn dé ìta gbangba, kí n lè wo bí aṣọ náà ṣe ń mì lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tí mo lè sọ fún. Ohun tí wọ́n ń pè ní àjò nìyẹn lójú tèmi: inú èèyàn á dùn, kò ní sí ẹni tó mọ bó ṣe ti ń bà jẹ́ tẹ́lẹ̀ tí á bá a yọ̀.

Gbogbo ọjọ́ Sunday ni mo ń pe ilé. Àbúrò mi obìnrin, Rẹ̀mí, ló máa ń gbé fóònù sí ìyá mi létí. Ọ̀rọ̀ wa kì í pẹ́. Mo máa béèrè bí ara ṣe rí, wọ́n á ní, "Ara mi le." Àwọn náà á wá béèrè tiwọn: ṣé mo ti jù ú sílẹ̀? N óò ní rárá. Wọ́n á ní ó dáa, wọ́n á gbé fóònù padà fún Rẹ̀mí. Odidi ọdún méjì, ìbéèrè kan náà ni. Nígbà mìíràn n óò ti jókòó ti fóònù láti àárọ̀ kí n lè múra ohùn mi sílẹ̀.

Delfini ló mú rézò wọ inú ayé mi. Ọmọṣẹ́ bíi tèmi ni, ọmọ Ṣábẹ̀ ni, onígbàgbọ́, ẹlẹ́rìn-ín, kò sì sí nǹkan tuntun tí kì í dán wò. Rézò ni wọ́n ń pe gbogbo ìkànnì tí àwọn ènìyàn ti ń bá ara wọn pàdé lórí fóònù. Mo ti ra fóònù afọwọ́tẹ̀ kékeré kan, àmọ́ ìpè nìkan ni mo ń fi ṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a jókòó sábẹ́ igi kajú lẹ́yìn atẹliyé, Delfini ní ó tó gẹ́ẹ́, òun máa là mí lójú.

Ìkànnì àkọ́kọ́ béèrè orúkọ mi, ọjọ́ ìbí mi, ìlú mi. Mo dáhùn bí ẹni tó wà níwájú jandáámù, ọlọ́pàá wọn níbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, ó ní òun ti rí ẹni tó ṣeé ṣe kí n mọ̀. Ó gbé fọ́tò jáde. Ọ̀gá irun mi ni, ẹni tó gbá mi létí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo pa fóònù náà lójú ẹsẹ̀, mo fi í sábẹ́ itan. Delfini rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìkànnì kejì jẹ́ ti fídíò kéékèèké. Ọkùnrin kan ń kígbe nípa ewúrẹ́, ẹlòmíràn ń jó, ẹ̀kẹta ń sunkún, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jáde níbẹ̀. Ìkànnì kẹta ló bá mi lára mu. Fọ́tò nìkan ni, ó tutù, aṣọ sì pọ̀ níbẹ̀ lóríṣiríṣi. Ó béèrè orúkọ tí mo fẹ́ kí ojú ewé mi máa jẹ́. Delfini ní gbogbo aránṣọ ní Benin, Kutúrù ni wọ́n ń fi parí orúkọ ṣọ́ọ̀bù wọn, ìyẹn ìránṣọ. Mo bá tẹ̀ ẹ́: Ọmọ Ṣakí Kutúrù. Bí mo ṣe wo orúkọ náà, ó dà bí ẹni pé mo ti ní ṣọ́ọ̀bù. Inú mi dùn. N kò rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ kì í ṣe oníbàárà. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló kù kí liberasíọ̀n pé, ìyá mi kò sì tíì gbà pé àwọn máa wá. Mo rò pé tí wọ́n bá fojú ara wọn rí iṣẹ́ mi, ọkàn wọn á rọ̀. Mo fi aṣọ ọmọdé kan tí mo rán síbẹ̀. Ẹni méjì péré ló fẹ́ràn rẹ̀, Delfini sì ni ọ̀kan. Rẹ̀mí fi han ìyá mi. Wọ́n ní ọrùn rẹ̀ wọ́.

Ó wọ́ lóòótọ́. Ìyẹn ló bí mi nínú jù.

Lọ́sẹ̀ yẹn, aṣọ kan wà ní atẹliyé, básẹ̀n aláwọ̀ aró, ìyẹn gínì tó ń dán, tí Patròn rán fún ìyàwó tuntun kan ní Alafiarou. Wọ́n fi òwú funfun ṣe ọnà sí i láyà, kò sí ibi tí òwú kan ti fò. Ohun tí èmi ṣe lára rẹ̀ ni pé mo rán bọ́tìnì mọ́kànlá sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí mo ń lọ̀ ọ́, mo gbé e kọ́ ara ògiri, mo ya fọ́tò rẹ̀. Mo gbé e sí ìkànnì, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, fóònù mi dún. Ìyá mi ni. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé, wọn kò pè mí rí, èmi ni mo ń pè. Wọ́n ní àwọn rí aṣọ aró yẹn. Wọ́n wá ní, "Ọjọ́ wo ni kí n wá?" Ó yẹ kí n sọ òótọ́ níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lákòókò yẹn gan-an, kì í ṣe pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni mo sọ.

Mo ti ronú púpọ̀ nípa ìyẹn. Ẹni tó wà lájò dà bí ẹni tó ní yàrá kan ṣoṣo tó sì fẹ́ gbàlejò. Ó máa kó gbogbo ẹrù tí kò dára sí ẹ̀yìn aṣọ títa, á ní kí àlejò jókòó sí iwájú. Kì í ṣe ìkà ló mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn fẹ́ kí àlejò lọ sọ nílé pé òun rí i dáadáa. Àmọ́ irọ́ tó lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a, tèmi kò sì lọ ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ.

Obìnrin kan wá láti Kika. Ó wọlé, ó kí wa, ó gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó ní òun ń wá Ọmọ Ṣakí Kutúrù, wọ́n júwe ibí yìí fún òun. Ó ní irú aṣọ aró yìí gan-an ni òun fẹ́. Mo rí i tí Delfini gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí másíìnì. Èmi náà gbé tèmi kúrò. Patròn nawọ́, wọ́n gba fóònù, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n dá a padà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, wọ́n fún obìnrin náà ní àga, wọ́n wọn ara rẹ̀ fúnra wọn, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sìn ín dé títì. Gbogbo àkókò yẹn, ojú mi ò kúrò lára wọn, mo fi abẹ́rẹ́ gún ìka, n kò mọ̀ títí mo fi rí ẹ̀jẹ̀ lórí aṣọ.

Nígbà tí wọ́n padà wọlé, wọn kò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo.

"Àṣé o ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sínú fóònù," ni wọ́n wí. "Ta ló fún ọ láyè?"

Wọ́n ní kí n bọ́ aṣọ atẹliyé tó wà lọ́rùn mi, kí n lọ jókòó síta. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì, tí àwọn ènìyàn ń kọjá, tí wọ́n ń kí mi ní ẹ kú ìjókòó, tí mo ń dáhùn. Ẹgbẹ́ aránṣọ máa gba orúkọ àwọn tó fẹ́ gba liberasíọ̀n ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Delfini lọ kúnlẹ̀, ó ní òun ni òun kọ́ mi ní rézò. Patròn ní àwọn gbọ́. Mo ti ń di ẹrù mi lọ́kàn. Mo ti ń gbọ́ ohùn ìyá mi pé èmi kì í parí nǹkan.

Ní ọjọ́ kẹta, mo wọlé, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ nípa irun tí mo jù sílẹ̀, nípa ìjà wa, àti pé nítorí kí ìyá mi lè wá ni mo ṣe kọ ohun tí mo kọ. Mo rò pé àánú á ṣe wọ́n. Patròn gbé gègé wọn sílẹ̀.

"Fọ́tò kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Èèyàn máa ń jí iṣẹ́ wò. Ẹni tó bí ọ ni o fi ọwọ́ mi purọ́ fún. Tí mo bá fà ọ́ lé e lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, mo ti bá ọ fọwọ́ sí i. Pè é. Sọ fún un lójú mi."

Inú bí mi sí wọn lọ́jọ́ yẹn, kí n má purọ́. Mo rí i bí ẹni pé wọ́n dẹ tàkúté fún mi ní ìhà méjèèjì. Tí n kò bá pè, kò sí liberasíọ̀n. Tí mo bá pè, ìyá mi kò ní wá, tí wọn ò bá sì wá, kò sí liberasíọ̀n náà. Mo wo ojú Patròn bóyá wọ́n máa rọ̀. Wọ́n ń dúró.

Mo pè. Ohùn ìyá mi jáde síta, inú wọn dùn, wọ́n ní àwọn ti sọ fún gbogbo agbo ilé, àwọn sì ti bá onímọ́tò sọ̀rọ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n parí.

"Màámi," ni mo wí, "aṣọ aró yẹn, èmi kọ́ ni mo rán an. Patròn ni. Bọ́tìnì ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rán."

Mo gbọ́ tí adìyẹ ń ké lẹ́yìn wọn. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń fọ àwo. Wọ́n ní, "Ó dáa." Fóònù kú. Mo tún un pè, kò wọlé mọ́.

Patròn gbé aṣọ atẹliyé mi lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní orúkọ mi á wà nínú ìwé, èyí tó kù di ọwọ́ Ọlọ́run. Wọ́n sì ní kí n má pa fọ́tò náà rẹ́, kí n tún ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ kọ. Mo kọ ọ́: Patròn mi ló rán an, bọ́tìnì ni mo rán. Àwọn kan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀, n kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Sunday méjì ni mo pe ilé tí ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀. Rẹ̀mí á gbé e, á ní wọ́n ń sùn. Lọ́sàn-án gangan. Mo ní kí ó bi wọ́n bóyá wọ́n á wá. Ó ní òun ti béèrè, wọn kò dá òun lóhùn. Ohùn Rẹ̀mí náà kò dán, mo rò pé ìtìjú tèmi ló ń mú un.

Sátidé náà pé. Wọ́n ta tapólì sí àgbàlá ẹgbẹ́ aránṣọ, àwa mẹ́rin tí a fẹ́ gba liberasíọ̀n sì kúnlẹ̀ sórí ẹní. Wọ́n ń pe orúkọ, òbí ń dìde, Patròn oníkálukú ń ní "ọmọ yín nìyí," òbí ń ní àwọn gbà á, wọ́n ń da pọ́dà funfun lé ọmọ lórí, àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Baba Delfini gbé e dìde pẹ̀lú omijé. Èmi ni mo kẹ́yìn. Àyè ti ṣófo lórí bẹ́ǹṣì àwọn òbí. Prezidán ẹgbẹ́ wo Patròn, Patròn wo ẹnu ọ̀nà. Patròn ní kí wọ́n fún àwọn ní àyè díẹ̀. Mo tẹjú mọ́ ẹní.

Ìyá mi wọlé pẹ̀lú eruku ojú ọ̀nà lára aṣọ wọn, ọ̀rá dúdú kan wà lọ́wọ́ wọn, Rẹ̀mí sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Wọn kò wò mí. Ọ̀dọ̀ Patròn ni wọ́n kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Patròn ní ọmọ yín nìyí, Ìyá.

"N kò tíì gbà á," ni ìyá mi wí.

Ìyá mi fa ańkárá tuntun kan jáde nínú ọ̀rá. Wọ́n ní fọ́tò ni wọ́n fi ń fi iṣẹ́ mi han àwọn láti ọjọ́ yìí, àwọn fẹ́ kí n wọn ara àwọn, kí n gé aṣọ lójú àwọn. Prezidán ní a kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Patròn bọ́ mẹ́tìrì tó wà lọ́rùn wọn, wọ́n gbé e fún mi.

Ní atẹliyé wa, ẹni tó ń wọn ara á máa pe iye rẹ̀ síta, ẹlòmíràn á máa kọ ọ́. Delfini mú gègé. Mo wọn èjìká ìyá mi, mo pè é. Mo ní kí wọ́n gbé apá sókè. Mẹ́tìrì yí àyà wọn ká, mo fà á, ó ṣì ń wá. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo bá dì mọ́ wọn, ọwọ́ mi méjèèjì kì í kan ara wọn lẹ́yìn. Mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kejì. Egungun ìhà wọn wà lábẹ́ ìka mi, bùbá wọn ni wọ́n fi bò ó. Mo wo Rẹ̀mí, Rẹ̀mí wo ilẹ̀.

"Mélòó?" ni Patròn béèrè.

Ìyá mi gbé ẹnu sún mọ́ etí mi. "Ọdún tó kọjá ni àìsàn yìí ti bẹ̀rẹ̀," ni wọ́n wí. "Mo ní kí Rẹ̀mí má sọ fún ọ, kí o má baà fi iṣẹ́ sílẹ̀. Pè é síta. Ìwọ ti sọ òótọ́ tìrẹ."

Mo pè é. Delfini kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wọn ìbàdí wọn, mo wọn gígùn apá wọn, mo pe ìyẹn náà. Lẹ́yìn náà mo tẹ́ aṣọ sílẹ̀ níwájú gbogbo wọn, mo fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sí i, mo sì gé e.